Pàṣírímọ́ àti Ohùn Ọmọ Rẹ̀

Èmi àti Pàṣírímọ́ la jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù kan. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà nídìí fèrèsé, tábìlì tó ti ń tún fóònù ṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Bí o bá gbé fóònù wá torí pé gíláàsì rẹ̀ fọ́, kò ní kàn tún un ṣe kó dá a padà. Á bi ọ́ pé, "Kí ni áàpù tọ́ọ̀ṣì ń fi nọ́ńbà àwọn èèyàn rẹ ṣe?" Á yọ ọ́ dànù. Á fi máàpù tó ń ṣiṣẹ́ láìsí dátà sí i, èyí tí kì í sọ ibi tí o wà fún ẹnikẹ́ni. Èyí tó fẹ́ràn jù ni áàpù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ kan tí kì í béèrè nọ́ńbà, tó sì ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ kan.

Mo sọ fún un pé fóònù tèmi ò ní àṣírí kankan, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ó ní olófòófó kì í gba ẹgbàá, ibi ọpẹ́ ló ń mọ. Mo ní ọpẹ́ náà tó mi.

Ṣùgbọ́n ohun tí kò jẹ́ ṣe sí fóònù ọmọ ọlọ́mọ, ó ṣe é sí ti ọmọ rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló ní, ìyá ọmọ náà sì ti kú. Nígbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ níta, ẹ̀rù ba bàbá. Ó fi áàpù kan pamọ́ sínú fóònù ọmọ náà, tó ń fi gbogbo ibi tí ọmọ bá lọ han bàbá. Ó gbàgbé pé òun fúnra òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ rí i. Kò bá bàbá jà. Ó kó aṣọ rẹ̀, ó yí nọ́ńbà padà, ó lọ. Gbogbo ẹ̀kọ́ tí bàbá kọ́ ọ ló fi sá fún bàbá.

Láti ìgbà náà, fóònù Pàṣírímọ́ kì í kúrò níwájú rẹ̀. Bí mo bá ń ránṣọ lọ́wọ́, á ní kí n dúró ná, ó dà bíi pé nǹkan dún. Nǹkan kan ò dún. Àárò ọmọ yẹn ń pa á, mo ń fojú ara mi rí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, onídìrí kan wọlé. Ọ̀rẹ́ ọmọ náà ni, fóònù rẹ̀ ló já sínú omi. Ó gbé e sílẹ̀, ó lọ ra búrẹ́dì. Pàṣírímọ́ tú u, ó gbẹ ẹ́, ó tàn án. Orúkọ ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde lójú ẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tuntun. Bó bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, á rí nọ́ńbà, bóyá ilé pàápàá. Mo ti dé ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́," mo ní.

Ó da ojú fóònù dé orí tábìlì.

"Ọmọ yín ni, ẹ̀yin lẹ bí i!"

"Ohun tí mo sọ fún ara mi nígbà yẹn náà nìyẹn, àbúrò."

Inú ń bí mi ṣáá.

Nígbà tí onídìrí dé, Pàṣírímọ́ sọ fún un pé, "Orúkọ ọmọ mi jáde lójú fóònù rẹ. Mi ò tẹ̀ ẹ́. Bá mi sọ fún un pé mo bẹ̀ ẹ́." Onídìrí náà wojú mi.

"Kò tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́," mo ní. "Èmi ni mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́."

Ọ̀sẹ̀ náà ò tíì parí tí ohùn kan fi wọlé sínú fóònù Pàṣírímọ́, lórí áàpù tó ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́ yẹn. "Bàbá mi, mo ti gbọ́. Ara mi le. Ẹ má tíì wá mi. Bó bá yá, èmi ni máa wá yín." Ó gbọ́ ọ, ó tún un gbọ́, títí èmi náà fi mọ̀ ọ́n sórí. Mo ní kí n fi fóònù tèmi gbà á sílẹ̀ kó má baà parẹ́. Ó kọ̀. Ó ní bó ṣe fi ránṣẹ́ ni òun máa gbà á.

Lọ́jọ́ kejì, ohùn ti parẹ́. Ó jókòó, kò fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan.

"Àbúrò," ó ní, "kí ló tún pè mí?"

"Bàbá mi, ló pè yín."

"Tún un sọ."

Mo tún un sọ.