Ọ̀rọ̀ Ọmọ Ànábì Nuhu Tí Mo Gbé Dé Ẹ̀pẹ́

Mo kírun Àsùbáà tán, n kò sì mọ ohun tí mo bẹ Ọlọ́run fún. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jáde nílé ní Ìkòròdú, mo wọ bọ́ọ̀sì Ẹ̀pẹ́. Ràfátù, ìwọ tó ń bá mi kọ ìtàn yìí sílẹ̀, kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, má tún un ṣe.

Ṣàkírù ọmọ mi, tó ń kan ọkọ̀ ojú omi l'Ẹ̀pẹ́, ló ránṣẹ́ pé ìyàwó òun bí ọkùnrin, ká wá sọ ọ́ lórúkọ. Ṣùgbọ́n Ṣàkírù ti di ará ṣọ́ọ̀ṣì. Ní Jímọ̀ tó kọjá, áfáà wa ṣe wáàsí Ànábì Nuhu: nígbà tí ìkún omi dé, ọmọ rẹ̀ kọ̀, kò wọ ọkọ̀ ojú omi tí bàbá kàn, Ọlọ́run sì sọ fún bàbá pé ọmọ yẹn kì í ṣe ara ilé rẹ̀ mọ́. Ṣé ara ilé mi ṣì ni Ṣàkírù? Ṣé mo lè gbé ọmọ rẹ̀? Mo ṣáà pinnu pé ìta ni n óò jókòó sí.

Ọ̀nà dára díẹ̀ títí dé Imota. Níbẹ̀, àádọ́ta náírà ni ọ̀pẹ òyìnbó tó tó orí ọmọdé. N'Ìkòròdú, ìlàjì ni wọn óò gé fún ọ ní iye yẹn. Lẹ́yìn Imota, kòtò ló kù lójú ọ̀nà.

Dírẹ́bà jẹ́ bàbá onírùngbọ̀n funfun. Mo bi í: "Alàájì, nígbà tí omi ń kún, kí ni Ànábì Nuhu ṣe sí ọmọ rẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ṣé wáàsí lẹ wá gbọ́ ni, àbí Ẹ̀pẹ́ lẹ̀ ń lọ?"

"Ẹ dá mi lóhùn jàre."

"Ó ń pè é ni. 'Ọmọ mi, wá bá wa wọ ọkọ̀.' Ó ń pè é títí ìgbì fi dé àárín wọn."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Ọlọ́run ló mọ̀. Kòtò rèé, ẹ di nǹkan mú!"

Orí mi wá dàrú pátápátá. Áfáà ní Ọlọ́run yọ ọmọ kúrò. Dírẹ́bà ní bàbá ń pe ọmọ. Ìwé kan náà ni, kò sì sí ẹni tó purọ́.

Nígbà tí mo dé Ẹ̀pẹ́, ọkọ̀ ojú omi kan tí kò tíì parí wà lẹ́nu ọ̀nà Ṣàkírù. Abẹ́ òjìji rẹ̀ ni mo jókòó sí. Ṣàkírù jáde, ó dọ̀bálẹ̀.

"Màmá, ẹ wọlé."

"Ibí tẹ́ mi lọ́rùn."

Ó wọlé, ó tún jáde. "Màmá, gbogbo ènìyàn ń retí yín." N kò dìde. Ó tún padà wá, omi ti lé sí i lójú. "Màmá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa."

Ó rú mi lójú: nínú àwa méjèèjì, ta ni Nuhu, ta ni ọmọ? Mo dìde, mo tẹ̀ lé e.

Lọ́dọ̀ wa, àgbà a máa sọ owó sínú abọ́ omi kó tó pe orúkọ tó fẹ́ fún ọmọ. Wọ́n gbé abọ́ náà sáàárín èmi àti Ṣàkírù. Mo sọ tèmi sí i.

"Nuhu," ni mo wí.

Pásítọ̀ wọn bi mí pé, "Nóà nìyẹn, Ìyá?"

"Òun náà ni."

Mo gbé ọmọ náà. Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ.

Mo padà dé Ìkòròdú kí oòrùn tó wọ̀. N kò mọ ohun tí n óò sọ fún áfáà, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì yé mi. Ohun tí mo rí kọ́ kò ju èyí lọ: omi tó wà láàárín èmi àti Ṣàkírù, inú abọ́ ló wà, ọwọ́ mi sì tó o.