Ìbéèrè Kúlúsúmù ní Tẹ́ṣàn Ifọ̀

Kí ìjọba tó fún Kúlúsúmù níṣẹ́, ó ti ń ṣe iṣẹ́ náà tipẹ́, òfófó lásán ni àwọn èèyàn Ifọ̀ ń pè é. Kò sí ọmọ tí wọ́n bí ládùúgbò tẹ́ṣàn tí Kúlúsúmù ò mọ oṣù tí oyún ẹ̀ dúró. Bí ìyá kan bá na ọmọ ẹ̀ nínà tó pọ̀ jù, kí igbe ọmọ tó rọlẹ̀, Kúlúsúmù á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní òun wá tọrọ iyọ̀. Iyọ̀ wo? Obìnrin tó ń din àkàrà tà! Sàlísù ọkọ ẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, máa ń sọ pé ìyàwó òun mọ ohun tí wọ́n sè ní ilé mẹ́wàá, àfi èyí tó yẹ kó wà lórí iná nílé òun.

Ní nǹkan bí ọdún 1955, àwọn wẹ́fíà, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, wá láti Abẹ́òkúta, wọ́n pe ìpàdé síwájú kóòtù ìbílẹ̀. Wọ́n ní àwọn kan ń fi rélùwéè kó ọmọ ọlọ́mọ lọ sí Èkó. Wọ́n á sọ fún òbí pé àwọn ń mú un lọ síléèwé, bó bá dé ọ̀hún tán, abọ́ ni yóò máa fọ̀, ọjà ni yóò máa kiri láti òwúrọ̀. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa ṣọ́ tẹ́ṣàn Ifọ̀, ẹni tí ojú ẹ̀ mú, tí ẹnu ẹ̀ ò sì wúwo. Kò tíì sí ẹni tó dáhùn tí gbogbo orí ti yí síbi tí Kúlúsúmù jókòó sí. Báálẹ̀ fúnra wọn rẹ́rìn-ín. Báyìí ni òfófó ṣe di iṣẹ́ ìjọba.

Ìwé péńpé kan tí wọ́n lu òǹtẹ̀ ni wọ́n fún un. Kò mọ̀ ọ́n kà, ṣùgbọ́n ó ní kí Sàlísù rán an sínú aṣọ, ó sì ń gbé e kọ́rùn bí ẹni tó kọ́ tírà. Bí oníbàárà bá ní àkàrà kéré, á gbé ìwé náà sókè díẹ̀ kí wọ́n lè rí i.

Àwọn wẹ́fíà ní fọ́ọ̀mù. Kúlúsúmù ní tiẹ̀, ìbéèrè kan péré ló ní. Bó bá rí àgbà tó mú ọmọ lọ́wọ́, tí kò dá a lójú, á gbé síbí ìdinkàrà sílẹ̀, á nu ọwọ́ mọ́ ìró, á ní, "Ọmọ dáadáa. Kí lorúkọ ẹ̀?" Ìbéèrè yẹn ti tú àṣírí èèyàn mẹ́ta. Èyí tó kẹ́yìn nínú wọn jẹ́ ọkùnrin kan tó fi tẹ̀sùbáà sọ́wọ́, tó ní Sùnmọ́nù lọmọ òun ń jẹ́. Ọmọ náà ní Jósẹ́fù lòun. Kúlúsúmù ní, "Ẹ kú iṣẹ́, àáfà. Ìgbà wo lẹ ṣe ìrìbọmi fún un?" Ọkùnrin náà fi ọmọ sílẹ̀, ó fi tẹ̀sùbáà sílẹ̀, ó bẹ́ sínú igbó.

Ìròyìn yìí dé Abẹ́òkúta. Ni Ọ̀gbẹ́ni Bádéjọ, ọ̀gá kékeré nínú àwọn wẹ́fíà, bá ní òun ń bọ̀ wá wo bí obìnrin náà ṣe ń ṣe é. Ó dé lọ́jọ́ Tọ́sìdeè kan, pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé tí wọ́n lọ̀ títí tó fi lè dá dúró láìsí ẹsẹ̀ nínú ẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó ṣí ìwé ńlá, ó tú gègé. Láti àárọ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n, kò sí ẹni tó jí ọmọ kan gbé kọjá. Kúlúsúmù bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ọ̀nà bí ẹni tó pe àlejò tí àlejò ò dé. Inú bí i sí àwọn olè gan-an.

Ìgbà náà ni ọ̀dọ́bìnrin kan dé. Ó fa ọmọbìnrin bí ọmọ ọdún méje lọ́wọ́, ó ru ẹrù kékeré sórí. Ojú ọmọ náà ti wú fún ẹkún.

"Ẹ kú ọ̀sán, mà."

"Kú ọ̀sán. Ọmọ dáadáa. Kí lorúkọ ẹ̀?"

"Opẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, mà."

"Opẹ́lẹ́ńgẹ́! Níjọ́ ìkómọ, àáfà dìde, ó ṣàdúà títí, ó ní Opẹ́lẹ́ńgẹ́?"

"Òun ni mo máa ń pè, mà."

"Èyí tí wọ́n sọ ọ́ ni mò ń bi ọ́."

Obìnrin náà tẹ orí ba, ó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ ha ilẹ̀. "Mi ò lè dá a dárúkọ, mà."

Inú Kúlúsúmù dùn débi pé ó fẹ́ gbá obìnrin náà mọ́ra. "Ọ̀gá! Ọ̀gá o! Ẹ mú gègé yín wá!"

Bádéjọ wá pẹ̀lú gègé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní kí ọmọ náà fúnra ẹ̀ sọ orúkọ ẹ̀. Ọmọ wo ṣòkòtò, ó wo irin ẹnu gègé, ó rántí àwọn tó wá gún wọn lábẹ́rẹ́ ìgbóná lábúlé, ó pa ẹnu dé gbáàgbá. Bádéjọ bi obìnrin náà ní orúkọ tiẹ̀, ó ní Fàúsátù. Ó bi í ní orúkọ ọmọ, ó mi orí. Ó bi í bóyá òun ló bí i, ó ní òun kọ́. Bádéjọ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀.

"Ọmọ yìí á bá mi lọ sí Abẹ́òkúta nínú rélùwéè tó ń bọ̀ yìí," ó ní. "Ilé ìtọ́jú ni yóò wà títí a ó fi rí òbí ẹ̀. Ìwọ, wàá dúró de ọlọ́pàá. Ìyá, ẹ ṣeun gan-an. Mo máa kọ nípa yín sí ọ̀gá àgbà."

Orí Kúlúsúmù wú. Ó padà sídìí agbada, ó ń da àkàrà sínú epo bí ẹni tó ń jó.

Ọmọ náà gbọ́ Abẹ́òkúta, ó fi igbe ta. Ni Fàúsátù bá sọ ẹrù kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀ nínú eruku. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sunkún mọ́. Ìyàwó yín ò lọ síbì kankan. Ẹ wá sẹ́yìn mi."

Ọwọ́ Kúlúsúmù dúró lókè agbada.

Àgbàlagbà kúnlẹ̀ fún ọmọ ọdún méje, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ìyá ọkọ sọ̀rọ̀. Ìyàwó ilé ni, àbúrò ọkọ ẹ̀ lọmọ! Ìyàwó wo ló máa dé ilé ọkọ tí yóò la ẹnu pe orúkọ ọmọ tó bá níbẹ̀? Kúlúsúmù fúnra ẹ̀, láti ogún ọdún tó ti wà nílé Sàlísù, ó ní àbúrò ọkọ kan tó ṣì ń tọ̀ sórí ẹní nígbà tó dé, Akọ̀wé ló ń pè é. Títí dòní, Akọ̀wé ò mọ ìwé kà. Ẹni tó ń pe atọ̀ọ́lé ní Akọ̀wé ló wá mú ọmọ ọlọ́mọ fún ọlọ́pàá nítorí Opẹ́lẹ́ńgẹ́.

Ó fi àkàrà sílẹ̀ nínú epo, ó fa Fàúsátù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Níbo nìyá wọn wà?"

"Agége, mà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bímọ, ìyá lọ wẹ ọmọ. Wọn ò jẹun láti ijọ́ mẹ́ta, ìyá wọn ni wọ́n ń pè. Ọkọ mi ní kí n mú wọn lọ bá a."

"Kí ló dé tó ò sọ bẹ́ẹ̀?"

"Orúkọ lẹ bi mí, mà. Ẹ ò bi mí ní nǹkan míì."

Kúlúsúmù fọwọ́ kan ìwé tó wà lọ́rùn ẹ̀. Ọ̀gá àgbà fẹ́ gbọ́ nípa òun. Ó wo ọmọ náà lẹ́yìn Fàúsátù, ikun imú ti mú aṣọ ìyàwó tutù. Ó ṣépè kékeré kan fún ara ẹ̀, ó kọjú sí Bádéjọ.

"Ọ̀gá, ẹ pa ohun tẹ́ ẹ kọ rẹ́. Èmi ni mo ṣì í."

"Íńkì ni, Ìyá."

"Ẹ fi omi nù ún."

"Ta ló ń fi omi nu ìwé ìjọba?"

"Ọ̀gá, kí nìyàwó yín ń pe àbúrò yín tó kéré jù?"

Bádéjọ họ imú. "Ìbàdíàrán."

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ síwèé ìrìbọmi?"

"Ọ̀rọ̀ ilé nìyẹn. Ibí yìí, mo nílò ẹ̀rí. Ẹ̀rí tí ọmọ náà máa jẹ́ fúnra ẹ̀."

Lásúnkànmí, ọ̀gá tẹ́ṣàn, lu agogo. Rélùwéè ti kúrò ní Agbádó.

"Fàúsátù," Kúlúsúmù ní, "má pe orúkọ kankan. Ki ọkọ ẹ fún wa ká gbọ́."

Fàúsátù sọ ọmọ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Ó bẹ̀rẹ̀ látorí ẹni tó kọ́kọ́ gé igi lábúlé wọn, ó kan ẹni tó ga tó jẹ́ pé ìdúró ló fi ń ká obì, ó kan ẹni tó fẹ́ ìyàwó méje tó wá ń sùn sóko nítorí ìbẹ̀rù wọn. Àwọn èrò yí wọn ká. Ó ń sáré, torí wọ́n ti ń gbọ́ fèrè rélùwéè.

"Ìyàwó!" Ọmọ náà la ẹnu. "O ti fo Bàbá Àgbà!"

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ má bínú, ọkọ mi. Ìbẹ̀rù ni."

"Padà sẹ́yìn! Lẹ́yìn oníyàwó méje ni Bàbá Àgbà! Gbogbo ìgbà lo máa ń fò ó!"

Bádéjọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Kí lorúkọ tìẹ?"

"Àsmá'ù. Ẹ gbé abẹ́rẹ́ yẹn kúrò lójú mi."

Bádéjọ fi gègé sápò, lẹ́yìn náà ó rántí, ó tún yọ ọ́, ó kọ ìlà méjì lédè òyìnbó.

"Kí lẹ kọ?" Kúlúsúmù bi í.

"Mo kọ pé ẹ ṣàṣìṣe, pé ẹ sì tún un ṣe."

"Ẹ fi kún un pé àkàrà mi jóná."

Bádéjọ nìkan ló wọ rélùwéè Abẹ́òkúta. Fàúsátù àti ọkọ ẹ̀ kékeré wọ ti Èkó nígbà tó dé, Kúlúsúmù sì di àkàrà tí kò jóná fún wọn. Ọ̀gá àgbà ò kọ̀wé sí i títí.

Àtìgbà náà ló ti pa ìbéèrè orúkọ tì. Bó bá rí àgbà àti ọmọ báyìí, ọmọ ló máa ń kọjú sí. Á ní, "Ẹni tó mú ẹ lọ́wọ́ yìí, bú u kí n gbọ́." Èyí tí wọ́n jí gbé á wo ojú onítọ̀hún kó tó mí, ẹ̀rù á bà á. Èyí tó wà lọ́wọ́ ẹni tiẹ̀, kì í tiẹ̀ rò ó pẹ́ kó tó bú u.

Lóṣù kejì, Fàúsátù ń bọ̀ láti Agége, òun àti Àsmá'ù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ti kún padà. Kúlúsúmù ò lè mú un mọ́ra. Ó dúró síwájú wọn, ọwọ́ níbàdí.

"Àsmá'ù, bú ìyàwó ẹ kí n gbọ́."

Ọmọ náà wò ó láti òkè délẹ̀. "Kí ló ṣe? Ẹ̀yin ló yẹ kí n bú. Àkàrà yín ijọ́sí ò tiẹ̀ níyọ̀."

Kúlúsúmù ní kí wọ́n máa kọjá.