Ìka Ọmọńdinrín Modúpẹ́

Bí ẹ bá bèèrè Modúpẹ́ onídìrí lẹ́nu géètì Thomas Estate, wọ́n á ní obìnrin tó máa ń fa irun bí ẹni fẹ́ fa orí tu ni. Irọ́ kọ́. Àwọn obìnrin Lẹ́kkí Phase 1 a máa sunkún lórí àga rẹ̀, wọn a sì tún padà wá, nítorí irun tí Modúpẹ́ bá dì kì í tú bọ̀rọ̀. Irun dídì yìí náà ló gbé e dé etíkun Eleko nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, tó ń dirun fáwọn tó wá gbafẹ́. Ibẹ̀ ló ti rí Dúrójayé, ọkùnrin gíga kan tó ń ta gìtá ní òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan. Dúrójayé kì í gbá gbogbo okùn pọ̀. Ìka ló fi ń ta á, okùn kan lẹ́yìn òmíràn. Ó ṣe orin kan fún Modúpẹ́ tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú, orin náà ló sì fi gbé e níyàwó.

Lọ́dún tó kọjá, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu Dúrójayé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ padà bọ̀ sípò díẹ̀, nǹkan kan kò ṣe ọwọ́ ọ̀tún, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì, èyí tó fi ń tẹ okùn lọ́rùn gìtá, kò gbé nǹkan mọ́. Láti ìgbà náà ló ti dákẹ́. Á jẹun, á gbàdúrà, á kọjú sí ògiri. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé kan, ó ní kí Modúpẹ́ sọ fún Ọdúnjọ, olórí akọrin sọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tí wọ́n ń lọ ní Ajah, pé kó wá gbé gìtá náà lọ lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú.

Ọ̀rọ̀ náà ba Modúpẹ́ lẹ́rù. Kì í ṣe gìtá ló ń rò. Ó mọ̀ pé bí gìtá yẹn bá fi lè jáde nínú yàrá, ọkọ òun á bá a lọ, bó tilẹ̀ ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Bàbá Tolúwani, kó tó lọ, ẹ jẹ́ n gbọ́ orin mi lẹ́ẹ̀kan péré."

"Ọwọ́ wo ni mo fẹ́ fi ta á?"

"Ọwọ́ ọ̀tún yín ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ lo tiyín, màá lo tèmi. Ẹ ṣáà máa sọ ibi tí màá tẹ̀."

Kò dúró gba àṣẹ. Ó gun bẹ́ẹ̀dì, ó jókòó sẹ́yìn ọkọ rẹ̀, ó ki apá òsì gba abẹ́ abíyá rẹ̀ títí ọwọ́ fi kan ọrùn gìtá, ó gbé àgbọ̀n lé e léjìká. Ẹni tó bá rí wọn á rò pé ìjàkadì ni wọ́n ń jà. Dúrójayé ta okùn kan. Ohùn tó jáde korò bí ewúro.

"Modúpẹ́, irun ta lò ń fà? Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, má fà á!"

Òótọ́ ni, ọwọ́ onídìrí ti wọ́ okùn náà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Modúpẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ejìká tó gbé àgbọ̀n lé náà sì ń mì. Dúrójayé ń rẹ́rìn-ín! Inú obìnrin náà dùn débi pé ó fẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ tún un fà.

Àárín orin ló ti le, níbi tí kọ́ọ̀dù kan, ìyẹn àwọn okùn tí wọ́n ń tẹ̀ pọ̀, ti ń yí sí èkejì. Dúrójayé ní ìka tó wọ òrùka ìgbéyàwó ni kó fi tẹ okùn tín-ín-rín ìsàlẹ̀, kó sì yára gbé ìka kan náà lọ sórí okùn tó nípọn lókè. Bí òun ṣe ń ṣe é látijọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìka tirẹ̀ gùn, ti Modúpẹ́ kúrú. Láràárọ̀ kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń gbìyànjú, níbi kan náà lorin sì ń já.

"Ṣé mi ò lè lo ìka míì ni?"

"Ìka yẹn ni." Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ó gbé ọwọ́ kúrò. "Ó tó. I don tire. Kí Ọdúnjọ máa gbé e lọ."

Modúpẹ́ sunkún dé ṣọ́ọ̀bù.

Lọ́jọ́ kejì, ó ń dirun fún Ràhímátù, oníbàárà rẹ̀ àtijọ́, nígbà tí ojú rẹ̀ bọ́ sára ọwọ́ òsì ara rẹ̀. Ìka ọmọńdinrín, èyí tó kéré jù, di irun tí kò tíì kàn mú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò mira rárá, bí àwọn ìka yòókù ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Gbogbo onídìrí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí èyí tó ń rò ó. Modúpẹ́ dúró gbagidi.

"Àǹtí, kí lẹ rí?" Ràhímátù figbe ta. "Ṣé iná orí ni?"

Lọ́jọ́ Àìkú, kò tíì bọ́ aṣọ funfun tó fi gun bẹ́ẹ̀dì. Ó bẹ ọkọ rẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Àánú ló ṣe é tó fi gbà. Modúpẹ́ kò sọ ohun tó ní lọ́kàn fún un. Ọmọńdinrín ló fi tẹ okùn tín-ín-rín. Nígbà tí kọ́ọ̀dù yí, àwọn ìka yòókù ṣí lọ, ìka òrùka bọ́ sórí okùn tó nípọn, ọmọńdinrín jókòó síbi tó wà. Ohùn okùn náà kò já. Ó ń dún bọ̀ láti inú kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ wọnú èkejì.

Dúrójayé dáwọ́ dúró, ó tẹjú mọ́ ọwọ́ ìyàwó rẹ̀.

"Ibẹ̀ yẹn máa ń já mọ́ mi lọ́wọ́," ó ní. "Àní ní Eleko. Mo rò pé bí orin yẹn ṣe rí nìyẹn ni. Ta ló kọ́ ẹ?"

"Orí Ràhímátù."

Ó tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ó rọra ń ta á, ó ń dúró de àwọn ìka kúkúrú náà, òun tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni nídìí gìtá. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí pákó gìtá. Modúpẹ́ náà ń sunkún, ó ń nù ún mọ́ ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀. Ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí ju bó ṣe fẹ́ràn rẹ̀ ní etíkun lọ.

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Ohùn Ọdúnjọ ni. Modúpẹ́ fẹ́ dìde.

"Má gbé ìka yẹn kúrò," ni Dúrójayé wí. Ó wá gbóhùn sókè: "Ọdúnjọ, ilẹ̀kùn ò tì. Wọlé kó o jókòó. A ṣì ń lò ó."