Ọjọ́ Tí A Yọ Páìpù Lọ́fun Bàbá Télọ̀

Nígbà tí wọ́n gbé mi lọ sí yàrá àwọn tí àìsàn wọn le jù nílé ìwòsàn wa ní Minna, inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń sá fún ibẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rọ ibẹ̀ pọ̀ ju èèyàn lọ, gbogbo wọn ló sì ń pariwo. Èmi ní tèmi, ariwo yẹn gan-an ló wù mí. Mo rò pé tí mo bá ti mọ bọ́tìnì tí wọ́n ń tẹ̀, mo ti di nọ́ọ̀sì gidi.

Ọ̀gá wa níbẹ̀, obìnrin Núpé kan tó ga, tí kì í gbóhùn sókè, ló gba èrò yẹn kúrò lórí mi. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo dé, ó mú mi dúró síwájú ẹ̀rọ kan, ó ní kí n sọ ohun tí mo rí. Mo ka gbogbo nọ́ńbà ojú rẹ̀ geere. Ó ní ó dáa, ó wá bi mí bóyá ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ń làágùn. Mi ò mọ̀, mi ò tíì wò ó. Ó fi Haúsá tí gbogbo wa ń sọ ṣàlàyé fún mi pé aláìsàn ni kí n máa kọ́kọ́ wò: àwọ̀ ètè rẹ̀, àyà rẹ̀ bóyá ó ń gbéra lọ́tùn-ún lósì, ọwọ́ rẹ̀ bóyá ó tutù. Lẹ́yìn náà ni kí n tó yíjú sí ẹ̀rọ.

Bàbá télọ̀ kan láti àdúgbò Shango ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì náà, ará Ìlọrin tó ti pẹ́ ní Minna. Àìsàn ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́ débi pé kò lè fúnra rẹ̀ mí mọ́. Páìpù wà lọ́fun rẹ̀, ẹ̀rọ ń bá a mí, wọ́n sì ń fún un lóògùn oorun kí páìpù má baà ni ín lára. Ọ̀gá wa ní kí n tó fọwọ́ kàn án, kí n máa sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe fún un, torí etí ẹni tó sùn bẹ́ẹ̀ lè máa gbọ́rọ̀. Ó ní kí n bá a sọ Yorùbá, èdè ilé rẹ̀.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Yorùbá làwọn òbí mi, ṣùgbọ́n Chanchaga ní Minna níbí ni wọ́n bí mi sí, Haúsá ni mo fi ṣeré dàgbà. Yorùbá tí mo gbọ́ nílé ni èyí tí wọ́n fi ń bá ọmọdé wí, òun náà sì ni mo gbé lọ síbi bẹ́ẹ̀dì bàbá. "Bàbá, mo fẹ́ fọ ẹnu rẹ. Bàbá, yí síbí. Bàbá, má jà." Ìyàwó rẹ̀ tó máa ń wọlé wá wò ó á kàn fi híjáàbù bo ẹnu. Mo rò pé ẹkún ló ń pa mọ́ra.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀rọ lọgun. Nọ́ńbà atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń já wálẹ̀. Ọwọ́ mi ti ń lọ síbi bọ́tìnì tó ń pa ariwo lẹ́nu mọ́ kí n tó rántí, mo sì yíjú sí bàbá. Àyà rẹ̀ kò gbéra dáadáa mọ́, nǹkan sì ń hó nínú páìpù. Mo ké pe àwọn yòókù, mo fi kún atẹ́gùn rẹ̀, mo ti rọ́bà tín-ín-rín bọ inú páìpù, mo sì fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ki bí ẹ̀kọ jáde. Àyà rẹ̀ gbéra. Nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ọ̀gá wa ti dé ẹ̀gbẹ́ mi, "Yauwa" nìkan ló sọ, bí Haúsá ṣe ń sọ pé "o káre". Nígbà tí ara bàbá balẹ̀ tán, mo wọ ilé ìyàgbẹ́ lọ, mo sì jó níwájú dígí.

Nígbà tó yá, wọ́n dín oògùn oorun kù. Bàbá lajú, ó ń di ọwọ́ mi mú nígbà tí mo bá ní kó dì í mú, ó sì ń wúkọ́ gidi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, dókítà ní páìpù ti tó yọ. A gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè, a kó gbogbo ohun tí a máa fi dá páìpù padà sọ́fun rẹ̀ sílẹ̀ bí èémí bá kọ̀. Dókítà ní kó wúkọ́, ó sì fà á jáde. Àyà bàbá la ń wò. Ó gbéra, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gbéra.

Ó fi ìka pè mí. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti há.

"Ọmọ mi, 'ẹnu yín' là ń sọ fún àgbàlagbà. Kì í ṣe 'ẹnu rẹ'."

Ìyàwó rẹ̀ jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rín tó ti ń pa mọ́ látọjọ́ yìí sì tú jáde. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀. Bàbá ní kò burú. Ó ní òun kò mọ ibi tí òun wà, ṣùgbọ́n òun ń gbọ́ obìnrin kan tó ń pàṣẹ fún òun pé kí òun yí síbí, òun sì rò pé ìyá òun ni, torí kò sẹ́lòmíràn tó bá òun sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Mo túmọ̀ rẹ̀ sí Haúsá fún ọ̀gá wa. Òun tí kì í gbóhùn sókè fara ti ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá ṣì lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ wa kó tó padà sí Shango lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a yọ páìpù yẹn, nínú kẹ̀kẹ́ tí mò ń bá lọ sílé, mi ò lè pa ẹnu mi dé. Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ bi mí ní Haúsá ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ní ẹnì kan mí lónìí. Ó wò mí nínú dígí, ó béèrè bóyá òun náà kò mí ni. Mo ní ó mí, mo sì kí i kú oríire. Ọkùnrin tó jókòó tì mí bú sẹ́rìn-ín, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń rẹ́rìn-ín títí a fi kọjá afárá odò Chanchaga.