Ọjọ́ Tí Ìyáálé Padà sí Yídì

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fún aṣọ nínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ tán ni, mo sì ń fi í tẹ ìdí ìyá ọkọ mi jẹ́jẹ́, nígbà tí ládàánì mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìnkùlé wa ní Mọ́níyà pe ìrun Àláásárì. Ọwọ́ mi mọ ohùn náà. Mo mú aṣọ gbígbẹ, mo tẹ̀ ẹ́ síbi tó tutù, mo gbé e kúrò, mo tún tẹ̀ ẹ́. N kò fi nu ara wọn rárá. Ife omi tí mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀ ṣì kún.

"Mi ò mu ún," ni ìyá ọkọ mi wí. "Tí mi ò bá mu ún, mi ò ní í tọ̀ ọ́."

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí, lẹ́nu ẹlòmíì, nígbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní abúlé wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ Erúnmu.

Ìyàwó méjì ni bàbá àgbà mi fi sílẹ̀ sáyé lọ. Ìyá àgbà mi ni kékeré. Èkejì, Ìyáálé ni gbogbo ilé ń pè wọ́n, àwa ọmọ pàápàá. Ilé wa kún fún òórùn ẹ̀gẹ́ tí a rẹ sínú àgbá, nítorí fùfú ni ìyá àgbà mi ń ṣe tà. Láti àárọ̀ ni ẹ ó ti máa gbọ́ ìró asẹ́ nínú omi, àti ohùn àwọn méjèèjì lórí rẹ̀.

"Ìyàwó, iyọ̀ yẹn ń pọ̀! Ṣé o fẹ́ sọ wá di ẹja inú òkun ni?" Ìyáálé nìyẹn, lórí àpótí wọn lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyáálé mi, ẹ̀yin nìkan lẹ fi imú ń tọ́ iyọ̀ wò nílé yìí."

Lọ́jọ́ kan, apá àti ẹsẹ̀ òsì Ìyáálé kọ̀ láti gbé. Wọn kò lè dìde mọ́, wọn kò sì mọ ìgbà tí ìtọ̀ ń bọ́. Àwọn obìnrin ilé ṣe ohun tí gbogbo wa mọ̀ sí ìmọ́tótó. Rọ́bà ni wọ́n tẹ́ sábẹ́ Ìyáálé, kí fóòmù má baà bàjẹ́. Wọ́n ń fi ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn họ ìdí wọn kí òórùn lè lọ, wọ́n á wá bu páúdà sí i. Ìyá àgbà mi ló họ ọ́ jù, nítorí wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ yàrá ìyáálé wọn kó yínmú.

Láìpẹ́, itan Ìyáálé pọ́n, ó ń dán bí ẹni pé wọ́n fi epo pa á, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí bó. Páúdà dì sínú egbò. Tí kànìnkànìn bá kàn án, Ìyáálé á fi eyín gé ètè.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tó dùn wọ́n ju egbò lọ. Tí ládàánì bá ti pe ìrun, wọ́n á kọjú sí ògiri.

"Ìyáálé mi, ìrun ti tó."

"Ẹni tí ìtọ̀ ń ro lára ẹ̀, iwájú Ọlọ́run wo ló fẹ́ lọ?"

Iléyá sì ń bọ̀. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, iwájú àwọn obìnrin ni Ìyáálé ń jókòó sí ní Yídì. Wọ́n ní kí a máa lọ láìsí àwọn lọ́dún yẹn. Wọn ò mumi mọ́ kí wọ́n má baà tọ̀. Ìtọ̀ tó ń jáde wá pọ́n bí àgbo, ó ń ta wọ́n bí ata.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé kànìnkànìn lọ bá ìyá àgbà mi nídìí àgbá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọwọ́ kúrò nínú omi ẹ̀gẹ́ ni. Ọwọ́ náà ti funfun, ó ti hun jọ, àárín ìka ti ń bó. Wọ́n wo ọwọ́ wọn, wọ́n wo kànìnkànìn.

"Ṣé màá fi èyí họ ọwọ́ yìí?"

"Rárá, Ìyá. Ẹ máa ń fi aṣọ tẹ̀ ẹ́ gbẹ ni, ẹ ó wá fi òrí pa á."

"Kí ló wá dé tí mò ń họ ti ìyáálé mi?"

Wọ́n ní kí n lọ pe nọ́ọ̀sì wá láti ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì wo itan Ìyáálé dáadáa. "Ọ̀kan náà ni pẹ̀lú ọwọ́ yín, Màmá," ni ó wí. "Awọ tó ti rẹ sómi kò fẹ́ híhọ. Ẹ má bu páúdà mọ́. Ẹ má jẹ́ kí rọ́bà kàn wọ́n lára. Aṣọ òwú ni kó wà lábẹ́ wọn, kí ẹ sì máa pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ fi òrí bò ó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ìtọ̀ má ráyè débẹ̀. Kí wọ́n sì mumi! Ìtọ̀ tó ki ló ń ta wọ́n bẹ́ẹ̀ yẹn."

Láti ibẹ̀, ìyá àgbà mi gba ọ̀dọ̀ Àlùfáà lọ. Ariwo wọn ló kọ́kọ́ wọlé kí àwọn fúnra wọn tó dé.

"Ìyáálé mi, àwáwí yín ti tán! Àlùfáà ní tí ìrun bá ti tó, kí n wẹ̀ yín mọ́, kí ẹ ṣe àlùwàlá, kí ẹ kí i. Èyí tó bá jáde lẹ́yìn ìyẹn, Ọlọ́run ò ní í bi yín."

"Ìgbà wo ni ìwọ di oníwàásù?"

"Òní yìí ni. Ẹ yí ẹ̀gbẹ́ wá."

Bí ó ṣe di pé ládàánì ló ń sọ ìgbà tí a ó pààrọ̀ aṣọ Ìyáálé nìyẹn. Bó bá ti pè, màá gbé omi lọ́wọ́ọ́wọ́ wá. Ìyá àgbà mi á fi aṣọ tútù tẹ ibi tó bó náà, wọ́n á fi gbígbẹ tẹ̀ ẹ́ gbẹ, wọ́n á fi òrí pa á, wọ́n á tẹ́ aṣọ tuntun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bu omi sí ife méjì, wọ́n á gbé tiwọn mì.

"Ó ku tiyín. Àbí ẹ fẹ́ kí ìyàwó borí yín?"

Ìyáálé kì í gbà kí ìyàwó borí àwọn. Wọ́n á gbé e mu tán, wọ́n á da ojú ife dé.

Dídán yẹn lọ. Egbò bẹ̀rẹ̀ sí í ti ẹ̀gbẹ́ pa dé. Òórùn òrí gba yàrá. Ìyáálé tún ń kọjú sí ibi tí ìrun kọjú sí.

Láàárọ̀ Iléyá, àwọn ọmọ wọn gbé wọn sórí àga, wọ́n gba àárín oko àgbàdo lọ sí Yídì. Ìyá àgbà mi tẹ̀ lé wọn, wọ́n ru aṣọ òwú tí a ká. Ìyáálé jókòó síwájú, wọ́n kí ìrun lórí àga. Bí wọ́n ṣe sálámà tán, wọ́n ki ọwọ́ sábẹ́ ara wọn, wọ́n na ọwọ́ náà sókè.

"Ìyàwó! Ó gbẹ!"

Àwọn obìnrin ké kábárà, àwọn mìíràn ń rẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn ń nu ojú. Nígbà tí a délé, Ìyáálé ní kí a gbé àwọn sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà. Ẹran ń hó lórí iná.

"Ìyàwó, iyọ̀ yẹn ń pọ̀!"

Ìyá àgbà mi gbé ṣíbí sílẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú wọn.

Àwọn méjèèjì ti lọ báyìí. Ìpara tí mò ń rà lóde òní wà nínú ike, páńpásì sì wà. Síbẹ̀, ọwọ́ ìyá àgbà mi ni mo fi ń tọ́jú ìyá ọkọ mi, ohùn ládàánì ló sì ń rán mi létí. Mo sọ ìtàn yìí fún wọn bí mo ti ń tẹ́ aṣọ gbígbẹ sábẹ́ wọn. Lẹ́yìn náà mo bu omi sí ife kejì, mo gbé e mu tán níṣojú wọn. Wọ́n wo ife mi, wọ́n wo tiwọn.

"Gbé tèmi wá, ìyàwó. O ò tíì tó ẹni tó ń borí mi."