Rọ́bà Ọwọ́ Alùpùpù Bàbá Mi

N kì í ṣe onísùúrù, ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn sílẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi pé jọ tí wọ́n ní kí bàbá wa ta alùpùpù rẹ̀, èmi ni mo dìde ní pálọ̀ tí mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ ta ẹsẹ̀ tiwọn. Ọ̀rọ̀ burúkú ni, mo mọ̀, àmọ́ inú ń bí mi.

Ọwọ́ ọ̀tún bàbá ló fa gbogbo ẹ̀. Ó máa ń kú mọ́ ọn lára. Láti Madina, níbi tí ilé wa wà ní ilẹ̀ àwọn Gá níbí, dé ọjà Okaishie, níbi tí ìyá mi ti ń ta ọṣẹ, ọ̀nà jìn díẹ̀, ẹni tó bá sì ń gun alùpùpù gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ọ̀tún yẹn lọ́ ọwọ́ alùpùpù dání ní gbogbo ìgbà kí iná lè máa wọ ẹ́ńjìnnì. Bó bá ti jù ú sílẹ̀, eré tán nìyẹn. Tí bàbá bá fi máa dé ọjà, kò ní lè fi ọwọ́ náà gbé páálí ọṣẹ kan. Ó ń fi pamọ́ fún wa. Ìgbà tí mo rí ìyá mi tó ń bá a de bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì ni mo tó mọ̀.

Ẹ má sọ pé kí ìyá mi máa wọ trótró, ọkọ̀ akérò ibí. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn ló ti ń jókòó sẹ́yìn ọkọ rẹ̀ lọ sọ́jà. Ilé wa kún fún ọmọ, ọmọ-ọmọ àti àlejò tó ń ti Nàìjíríà bọ̀; orí alùpùpù yẹn nìkan ni wọ́n ti ń ráyè bá ara wọn sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá ń padà bọ̀ nírọ̀lẹ́, a ó kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rín ìyá mi kí a tó gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Bí bàbá bá wá tà á, ibo ni wọ́n á ti máa rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀?

Fítà, mẹ́káníìkì tó ń bá bàbá tún alùpùpù ṣe, ló sọ fún mi pé àwọn tó ń rin ọ̀nà jíjìn máa ń fi nǹkan di ibi tí wọ́n ń lọ́ náà mú, kó lè dúró síbi tí wọ́n bá lọ́ ọ dé, kí ọwọ́ sì sinmi. Òun ò ní irú ẹ̀, àmọ́ ó ní rọ́bà rìbìtì tó bá mú dáadáa á ṣe iṣẹ́ kan náà. Okaishie ni èmi náà ti ń ta wáyà àti gílóòbù. Lọ́dọ̀ aládùúgbò ìsọ̀ mi tó ń ta páìpù omi ni mo ti ra rọ́bà tí wọ́n fi ń dí ẹnu páìpù. Mo fi bọ ọwọ́ alùpùpù, mo tì í há sáàárín ibi tí a ń lọ́ àti irin kékeré tó wà ní ìparí rẹ̀. Àkọ́kọ́ tín-ín-rín jù, kò mú nǹkankan. Èkejì ki jù: bàbá ṣáná sí i, mo lọ́ ọ, ó dúró síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń han gooro, gbogbo ará ilé sá jáde. Bàbá na ọwọ́ pa á, ó wò mí. "Ìwọ àti sùúrù, ẹ ò tíì pàdé."

Mo fi ọ̀bẹ fá a díẹ̀díẹ̀ títí ó fi gbà. Bí a bá fi àtàǹpàkò tì í sápá kan, á tú. Bí a bá tì í padà, á mú. Bàbá gùn ún yípo àdúgbò, ó sì padà dé, ó ń na ìka ọ̀tún rẹ̀ síwájú bí ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé làálì. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti fọ́nnu.

Ohun tí a gbàgbé ni ìkíni. Bàbá àgbà kan ń gbé létí títì ní Madina, òun ló dàgbà jù nínú àwa Yorùbá àdúgbò. Láràárọ̀ ló máa ń jókòó síwájú ilé rẹ̀, pákò lẹ́nu. Bí bàbá mi bá ti rí i, á jáwọ́ lára alùpùpù, á gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, á tẹrí ba, á kí i. Ọwọ́ òsì kẹ̀? Àwọn Gá àti Àsáńtè gan-an kò ní gbà á lọ́wọ́ ẹ, kí a má tíì sọ ti Yorùbá. Bó bá sì ti jáwọ́ báyẹn, alùpùpù á rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ẹni pé òun náà ń kúnlẹ̀. Kíkí á pé, ìdáhùn á dé, wọ́n á máa lọ. Kò sẹ́ni tó rò ó rí nínú wa pé ọwọ́ tó ń kí àgbà náà ló ń dín eré kù.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí bàbá kọ́kọ́ lò ó lọ sọ́jà, ayọ̀ kò jẹ́ kó dúró dé ọ̀nà gbangba. Ó ti ti rọ́bà há kó tó kúrò ní Madina. Ó rí bàbá àgbà, ó gbé ọwọ́ sókè, alùpùpù kò rọlẹ̀. Ó kọjá fìrì, ọwọ́ lókè, "Ẹ káàárọ̀ o" rẹ̀ bá atẹ́gùn lọ. Ìyá mi gbá a mú níkùn, ó ń pe Ọlọ́run. Trótró wà lẹ́yìn wọn, wọn ò ríbi dúró.

Nírọ̀lẹ́, bàbá àgbà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sílé wa. A gbé àga fún un, ó ní òun ò jókòó.

"Mo ní kí n wá bèèrè ni," ló wí, "bóyá mo ṣẹ̀ yín."

Ẹ̀yin ló ń pe bàbá mi, ẹni tó tó bí lọ́mọ. Bàbá mi ti dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

"Ẹ juwọ́ sí mi láàárọ̀ bí àwọn tó ń wá ìbò. Ṣé ẹ ti fẹ́ dupò ni?"

Ọdún ìdìbò ni lóòótọ́, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń juwọ́ sí wa látorí ọkọ̀ tí kì í dúró. Mo fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ rọ́bà, ìyá mi fojú pa mí lẹ́nu mọ́. Bàbá bẹ̀ ẹ́ títí ó fi jókòó, tó sì mu omi. Nígbà tó lọ tán, bàbá bọ́ rọ́bà náà, ó fi lé mi lọ́wọ́. "O ṣeun, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n n ò lè máa fò kọjá lójú àgbà nítorí ọwọ́." Inú mi bàjẹ́. Mo tiẹ̀ bínú sí bàbá àgbà yẹn, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ọwọ́ ò sàn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá ní kí ìyá mi má bínú, kó wọ trótró, torí òun ti gbà kí àwọn ẹ̀gbọ́n mi wá ẹni tó máa ra alùpùpù. Kò wo ojú rẹ̀ bó ti ń sọ ọ́. Ìyá mi wé gèlè rẹ̀ tán, ó jáde, ó gun ẹ̀yìn alùpùpù tí kò sẹ́ni níwájú rẹ̀, ó jókòó síbẹ̀.

"Ìyá àwọn ọmọ, sọ̀ kalẹ̀, jọ̀ọ́."

"Ẹ fi rọ́bà yẹn sí i," ni ìyá mi wí. "Ọwọ́ tiyín ló ń kú, tèmi ò kú. Ẹ̀yin ẹ máa dín eré kù, èmi á máa bá yín kí wọn."

Bàbá ní ta ló gbọ́ irú ẹ̀ rí. Ìyá mi ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ báyìí. Èmi ti sáré lọ mú rọ́bà kí ọ̀kan nínú wọn tó yí ọkàn padà.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tí wọ́n bá ti ń sún mọ́ ilé bàbá àgbà, ìyá mi á gbá ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn pẹ́ẹ́. Bàbá á ti rọ́bà sápá kan, á dín iná kù, á tẹrí ba. Ìyá mi á na ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀, tó wọ ẹ̀gbà, sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká bàbá, wọ́n á jọ kí i. Lọ́jọ́ kìíní, bàbá àgbà yọ pákò lẹ́nu, ó wò wọ́n dáadáa. "Ọmọ mi, mo rí i pé ọwọ́ rẹ ti ń wọ ẹ̀gbà." Ìwọ ló padà fi pè é yẹn, ara bàbá mi wálẹ̀.

Èmi rò pé mo mọ gbogbo iṣẹ́ tí rọ́bà yẹn ń ṣe. Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo wà nínú trótró tí èmi náà ń lọ sí Okaishie. Níbi tí ọ̀nà ti tẹ́jú lẹ́yìn Legon, a bá wọn. Ọwọ́ òsì nìkan ni bàbá fi di alùpùpù mú. Ọwọ́ ọ̀tún wà lórí itan rẹ̀, ìyá mi sì ti na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì yí i ká látẹ̀yìn, ó ń bá a ra á, ìka kan tẹ̀ lé èkejì, bí a ṣe ń ra ọwọ́ ọmọ ìkókó lẹ́yìn ìwẹ̀. Ẹ̀rín ń pa àwọn méjèèjì. Mo ti yọ orí sí fèrèsé láti pariwo mọ́ wọn pé ṣé wọ́n fẹ́ kú ni, mo tún fà á padà wọlé.

Obìnrin tó jókòó tì mí pòṣé. Ó fi èdè Twi bi gbogbo wa pé irú àwọn àgbàlagbà wo rèé, ṣé wọn ò lọ́mọ nílé ni.

"Wọ́n lọ́mọ," mo dá a lóhùn, omi ti ń dà lójú mi. "Èmi rèé. Èmi ni mo bá wọn ṣe rọ́bà náà."