Ẹja Inú Ilé Ìfọṣọ

Kò sẹ́ni tó ń pè é lórúkọ rẹ̀ nílé ìfọṣọ ilé ìwòsàn wa. Ẹja là ń pè é. Ọ̀gá wa àtijọ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó ká a mọ́ orí tábìlì tí a ti ń ya aṣọ sọ́tọ̀, tó dojú bolẹ̀ láàárín àwọn aṣọ ìbùsùn tó dọ̀tí, tó ń fi apá méjèèjì wọ́ afẹ́fẹ́, tó sì ń ju ẹsẹ̀. Ọ̀gá bi í pé kí ló ń ṣe é. Ó ní òun ń lúwẹ̀ẹ́ ni. A rẹ́rìn-ín títí inú fi ń ro wá.

Ẹja ò wọ omi rí. Èyí tó ga jù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn kò kọjá kókósẹ̀, ìyẹn lọ́jọ́ tí páìpù ẹ̀rọ ìfọṣọ bá bẹ́ tí gbogbo ilẹ̀ kún. Síbẹ̀ kò sóhun tí kò mọ̀ nípa ìlúwẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá ń fi ìdíje àwọn òmùwẹ̀ hàn lórí tẹlifíṣàn wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, á ní òun fẹ́ lọ kó ìrọ̀rí wá, kò sì ní padà títí ìdíje á fi parí. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń mí, ó mọ ìgbà tí wọ́n ń yí orí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe eré sísá inú omi ló wù ú. Ohun tó ń fẹ́ ni pé kí òun dùbúlẹ̀ gbalaja lórí omi tó jìn, kí òun máa wo ojú ọ̀run, kí ohunkóhun má sí lábẹ́ òun.

Èmi àti ẹ̀ la jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹgbẹ́ ni wá, àwa méjèèjì la sì jọ máa ń ká aṣọ ìbùsùn. Aṣọ ìbùsùn ò ṣeé dá ká dáadáa. Ẹni méjì ló ń di etí rẹ̀ mú, wọ́n á nà án kó le, wọ́n á wá rìn pàdé ara wọn. Níbi tí a ti ń pàdé yẹn, nínú ooru àti òórùn ọṣẹ tó ń ta sí imú, ló ti ń sọ ìtàn ara rẹ̀ fún mi díẹ̀díẹ̀.

Ọmọ méjì péré ni ìyá rẹ̀ bí. Èyí ẹ̀gbọ́n, ọmọbìnrin tó mọ odò wẹ̀ bí nǹkan míì, ló bá omi lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Nígbà tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé, ìyá wọn ò sunkún. Èyí tó kù ni wọ́n fà mọ́ra. Wọ́n ní, “Nítorí ọmú tí o mu láyà mi, o ò gbọ́dọ̀ wọ omi, àfi tí mo bá fi ẹnu ara mi ní kí o wọ̀ ọ́.” Ọmọ kékeré ni, ó ní òun gbọ́. Ó sọ fún mi pé láti ọjọ́ náà ni omi ti ń wu òun.

Nígbà tó fẹ́ lọ sílé ọkọ, ó bẹ màmá pé kí wọ́n tú òun sílẹ̀. Màmá dìde, wọ́n fi í sílẹ̀ níbi tó jókòó sí. Nígbà tí ọkọ kú tó padà sọ́dọ̀ wọn, ó tún bẹ̀ wọ́n. Lọ́jọ́ náà màmá ò fẹnu kan oúnjẹ títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò bẹ̀ wọ́n mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí mi nínú, n ò ní purọ́. Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé kó yọ́ lọ, ta ni yóò sọ fún arúgbó tí kì í jáde nílé? Ó ju etí aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Èmi nìkan ló kù wọ́n kù,” ó ní. “Tí èmi náà bá ń yọ́ lọ, kí ni wọ́n ní mọ́?”

Mo mú etí aṣọ náà nílẹ̀, mo nà án sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ṣì ń bí mi.

Nígbà tó yá, iyè màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ra. Wọ́n á jẹun tán, wọ́n á ní ebi ń pa àwọn. Wọ́n á pe Ẹja ní ìyàwó aládùúgbò, wọ́n á sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó wá kí àwọn. Àkókò yẹn gan-an ni èémí Ẹja náà bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Dókítà kan tí a ń bá fọ aṣọ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ọkàn rẹ̀ ò lágbára mọ́, kó tètè fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹja ò béèrè oògùn. Ó béèrè bóyá òun ṣì lè wọ omi. Dókítà ní tí ẹni tó mọ omi bá wà nítòsí, ó lè wọ̀ ọ́ nísinsìnyí, ṣùgbọ́n òun ò lè sọ bí yóò ṣe rí lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe wá dà. Ẹnì kan ṣoṣo tó lè tú u sílẹ̀ ò mọ ẹni tó jẹ́ mọ́, ara tó sì fẹ́ gbé wọ omi náà ti ń bàjẹ́ lọ.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ màmá láràárọ̀, nígbà tí ojú wọn bá wálẹ̀ díẹ̀. Wọ́n á bi í pé omi wo, wọ́n á ní omi wà nínú ike, kó bù ú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bó ṣe ń fi aṣọ tútù nu ẹsẹ̀ wọn, wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí. Wọ́n ní, “Ìyàwó wa, o ti ṣe wàhálà jù. Ohunkóhun tó bá ń wù ẹ́, lọ ṣe é.”

Ó sáré wá ròyìn fún mi níbi iṣẹ́, ojú rẹ̀ ń dán. Mo mọ̀, òun náà mọ̀, pé ìyàwó aládùúgbò ni wọ́n bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọmọ wọn. Ó bi mí bóyá ìyẹn tó. Mo ní ẹnu wọn ni wọ́n fi sọ ọ́, ó tó.

Ní Sátidé, a lọ sí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kan tó wà lẹ́yìn ilé ìwé, tí wọ́n ń jẹ́ kí ará ìta wọ̀. Ọmọbìnrin tó ń kọ́ni níbẹ̀ kéré sí àwọn ọmọ mi lọ́jọ́ orí. Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tí Ẹja wọ̀ ti wà nísàlẹ̀ àpótí rẹ̀ láti ìgbà ọmọge, ó sì fún un pinpin. Mo ní ó dà bí ìrọ̀rí tí wọ́n so ní ìbàdí. Ó ní kí n lọ jókòó.

Ó di irin àtẹ̀gùn adágún náà mú, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí omi dé àyà rẹ̀, ó ké ṣókí, irú igbe tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Olùkọ́ fi ọwọ́ sábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní kó dẹ ara. Ẹja dẹ ara. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, olùkọ́ rọra yọ ọwọ́ kúrò, ó sì gbé méjèèjì sókè kí n rí i. Ẹja ò tilẹ̀ mọ̀. Ó wà lórí omi, etí rẹ̀ ti rì, irun rẹ̀ tú ká, ó ń wo òkè. Inú mi dùn débi pé mo bú sẹ́kún. Gbogbo ọdún tí mo ti ń bá obìnrin yìí ká aṣọ, n ò mọ̀ pé ojú rẹ̀ lè rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó jáde, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní kò sí nǹkan kan lábẹ́ òun, òun wò ó dáadáa, kò sí. Ó ní a óò tún wá ní Sátidé tó ń bọ̀. Mo fẹ́ fi aṣọ ìnura gbẹ irun rẹ̀, ó kọ̀, ó ní kí n jẹ́ kí omi náà wà lórí òun díẹ̀ sí i.

Mo sìn ín délé nítorí èémí rẹ̀. Màmá wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó ti pẹ́ tí wọn ò ti lè dá dìde lórí àga náà. Bí a ṣe wọlé, wọ́n wo Ẹja, wọ́n wo irun tó ti tutù rin, wọ́n sì dìde. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ojú rẹ̀ mú, wọ́n ń fi àtàǹpàkò nu omi tó ń ṣàn níbẹ̀, wọ́n pè é lórúkọ. Orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

“O ti dé,” wọ́n ní. “Mo sọ fún wọn pé o máa dé. Wọn ò gbà mí gbọ́.”

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, Ẹja fi ojú dá mi dúró. Mo rí i tó la ẹnu láti sọ ẹni tó jẹ́, mo sì rí i tó pa á dé. Ó ti fi ayé rẹ̀ tọ́jú ìyá yìí, òkú ni wọ́n sì rí nígbà tí wọ́n wò ó, inú wọn wá dùn sí òkú náà ju bí wọ́n ṣe yọ̀ mọ́ òun alààyè rí. Ó dùn mí wọra.

Màmá wo ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n wo ẹnu ọ̀nà, wọ́n wo èmi. Ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà.

“Àbúrò ẹ dà?”

Wọ́n fi ojú Ẹja sílẹ̀, wọ́n gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Àbúrò ẹ ńkọ́? Ṣé o ò jẹ́ kó tẹ̀ lé ẹ wọ omi?”

“Kò wọ̀ ọ́, màámi,” Ẹja dáhùn. “Etí odò ló jókòó sí. Ó ń wò mí.”

Ara màmá balẹ̀. Wọ́n padà jókòó, ṣùgbọ́n wọn ò fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Má jẹ́ kó wọ̀ ọ́ láéláé o,” wọ́n ní. “Ìwọ mọ omi. Òun ò mọ̀ ọ́n.”

Ẹja kúnlẹ̀ síwájú wọn, ó ní òun ò ní jẹ́ kó wọ̀ ọ́.